Ẹ yẹ wáyà wò kí ẹ tó ra plan tó tóbi jù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa íntánẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀ tó ń wọ́ bí ìgbín ló mú mi jókòó kọ eléyìí, torí bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ gan-an ló ṣe rí nílé tèmi fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, mo sì rí i pé ìmọ̀ràn táwọn èèyàn ń fún un ò ju méjì lọ, kó ra ráútà tuntun (ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi kiri ilé) tàbí kó bọ́ sórí plan tó tóbi ju èyí tó ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé kó dúró ná. Tó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba inú wáyà kébù wọlé ló ń lò, ìyẹn wáyà roboto tó dà bíi ti tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n máa ń lọ́ ẹnu ẹ̀ mọ́ ìdí módẹ́mù (ẹ̀rọ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti inú wáyà yẹn wọ ilé), ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú wáyà yẹn ni ìṣòro ẹ̀ wà, kò sì sí plan tó lè tún wáyà ṣe.

Èmi náà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ fún un yẹn. Plan 100 Mbps la ń lò nígbà yẹn, Mbps ni wọ́n fi ń wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe yá tó. Láàárọ̀ ó máa ń dáa díẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó di 12, ìgbà míì 8, tọ́mọ mi bá ń ṣe kíláàsì lórí fídíò ojú tíṣà á gan síbì kan, ohùn á máa já, ọmọ á ní "Dádì, ó tún ti lọ o". Mo pe ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó gbé fóònù ní kí n pa módẹ́mù, kí n ka oókan dé ọgbọ̀n, kí n tún un tàn. Mo ṣe é, ó dáa fún bíi wákàtí kan, ó tún padà síbi tó wà. Mo pè lẹ́ẹ̀kejì, pa á kó o tàn án. Ẹ̀ẹ̀kẹta, pa á kó o tàn án. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin ni wọ́n wá ní àwa tá a wà nínú ilé la pọ̀ ju plan wa lọ, ká bọ́ sórí 300. A bọ́ sí i. Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo tẹ speed test, ìyẹn ìdánwò tó ń sọ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe yá tó, 11 ló gbé jáde. Inú bí mi débi pé mi ò rí oorun sùn, torí owó ti lọ sókè, nǹkan tí à ń rà ò sì yí padà rárá.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wọ̀n. Mbps tí wọ́n ń tà fún wa, b kékeré ló wà nínú ẹ̀, MB tá a máa ń rí tá a bá ń dáńlóòdù nǹkan, B ńlá ni, b kékeré mẹ́jọ ló sì ń di B ńlá kan. Ẹni tó wà lórí plan 100 tó rí i pé òun ń dáńlóòdù ní bíi 12 MB ní sẹ́kọ́ńdù kan, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ, ohun tó sanwó ẹ̀ ló ń gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ yọ Wi-Fi kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ módẹ́mù tààrà pẹ̀lú wáyà Ethernet, ẹ wá tẹ speed test. (Tí ẹ bá yọ ráútà tí ẹ fi láptọ́ọ̀pù rọ́pò ẹ̀, ẹ pa módẹ́mù kí ẹ tún un tàn, torí ọ̀pọ̀ módẹ́mù ló jẹ́ pé ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ rí nìkan ló máa ń dá lóhùn.) Tó bá yá lórí wáyà tí kò yá lórí Wi-Fi, a jẹ́ pé Wi-Fi lẹ máa tún ṣe nìyẹn, ẹ gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé e sókè sí àárín ilé, ẹ lo 5 GHz (5 GHz àti 2.4 GHz wà lára ọ̀nà tí Wi-Fi máa ń gbà) tí ẹ bá wà nítòsí ẹ̀, tó bá sì jẹ́ 2.4 lẹ gbọ́dọ̀ lò, ẹ mú ọ̀kan nínú channel (ọ̀nà kéékèèké inú ẹ̀) 1, 6 àti 11, àwọn mẹ́ta yẹn kì í gun orí ara wọn. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé tiẹ̀ á kàn dúró gbọn-in sórí nǹkan bíi 94 lórí plan tó ju 100 lọ dáadáa, kó yẹ wáyà Ethernet yẹn wò, okùn tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, tí ọ̀kan bá já nínú wọn, spíìdì tó ń gba inú ẹ̀ lè já sí 100 péré, á wá dà bíi pé ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe màgòmágó.

Tèmi ò sí nínú gbogbo ìyẹn. Lórí wáyà, 11 náà ni.

Ibi tójú mi ti là rèé. Ẹ ṣí browser, ẹ tẹ 192.168.100.1. Ọ̀pọ̀ módẹ́mù kébù ló ní ojú ìwé kan níbẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ bí ara wọn ṣe rí, àwọn míì á béèrè password tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀. Ó máa gbé tábìlì kan jáde tó kún fún nọ́ńbà, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, mẹ́ta péré lẹ kọ́kọ́ nílò. Downstream power ni agbára tí signal fi dé ọ̀dọ̀ yín, dBmV ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, tó bá wà nítòsí 0 ó dáa gan-an, láàárín -7 sí +7 kò séwu, ìlànà DOCSIS táwọn módẹ́mù kébù ń tẹ̀ lé gbà á dé -15 sí +15, àmọ́ ẹni tó bá ti ń rìn létí bèbè yẹn máa jìyà. SNR ni bí signal ṣe ga ju ariwo inú wáyà lọ tó, ẹ fẹ́ kó ju 33 lọ. Èyí tí àwọn èèyàn máa ń fò ni upstream power, bẹ́ẹ̀ òun ni mo rò pé ó ń sọ òótọ́ jù. Ìyẹn ni bí módẹ́mù yín ṣe ń pariwo tó kí ilé-iṣẹ́ tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Bó bá ṣe ga tó ló ṣe burú tó. Tó bá wà láàárín 35 sí 49 ara ẹ̀ balẹ̀, tó bá ti kọjá 50 á jẹ́ pé gbogbo ọ̀fun ló fi ń kígbe, kò sì ní pẹ́ tóhùn ẹ̀ á há. Ẹ má sì rò pé aplóòdù nìkan nìyẹn máa pa lára o, gbogbo ohun tí ẹ bá ń dáńlóòdù ni kọ̀ǹpútà yín ní láti máa dáhùn pé òun ti rí i gbà, tí ìdáhùn yẹn ò bá tètè dé, ẹni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ á rọra máa fi ránṣẹ́ ni.

Tèmi lọ́jọ́ yẹn: downstream -11, SNR 31, upstream 53. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni òpó kan wà tí wọ́n kọ Uncorrectables sí. Módẹ́mù mọ bí wọ́n ṣe ń tún dátà tó bà jẹ́ lójú ọ̀nà ṣe, èyí tí apá ẹ̀ ò bá ká mọ́ ló máa kà síbẹ̀, á sì sọ ọ́ nù, wọ́n á ní láti tún un fi ránṣẹ́. Mo jókòó tì í mo ń tẹ refresh, ó ń pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀rún lẹ́gbẹ̀rún lójú mi. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ Event Log sí, T3 ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. T3 ni pé módẹ́mù pe ilé-iṣẹ́, kò rí ẹni dá a lóhùn. Mo ka iye ìgbà tó pè lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, àánú ẹ̀rọ yẹn ṣe mí.

Ni mo bá tọ wáyà lọ. Mo dì í mú láti ìdí módẹ́mù, ó gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó wọ inú àpótí kékeré kan lára ògiri, ibẹ̀ ni mo ti bá splitter, irin kékeré kan tó ní ojú kan lápá kan, ojú mẹ́rin lápá kejì. Àwọn tó gbé ilé yẹn ṣáájú wa ló fi sí i, wọ́n fi ń pín tẹlifíṣọ̀n sí yàrá mẹ́rin. Àwa ò lo tẹlifíṣọ̀n kébù rí. Ojú mẹ́ta là sílẹ̀ gbayawu, kò sí nǹkankan nínú wọn. Wọ́n kọ 7 dB sí ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé nínú agbára tó ń wọlé, ìdá kan nínú márùn-ún ló ń dé ọ̀dọ̀ módẹ́mù wa, púpọ̀ nínú ìyókù ń lọ sí àwọn yàrá tí ẹnikẹ́ni ò ti lò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn módẹ́mù ṣe ń dínkù tó bá ń padà lọ, àwọn ojú tó là sílẹ̀ yẹn sì tún ń ṣílẹ̀kùn fún ariwo. Mo yọ ọ́, mo fi kónẹ́kítọ̀ kékeré olójú méjì so wáyà méjèèjì pọ̀, mo lọ́ ọ dáadáa. Ìgbà tí módẹ́mù tàn padà, downstream ti di -4, upstream 46, SNR ti kúrò ní 31 lọ sí 36. Speed test gbé 240 jáde. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré wá bóyá nǹkan ṣe mí.

Tí ẹ bá nílò tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì lórí wáyà kan náà, splitter olójú méjì nìkan ni kó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, 3.5 dB lòun ń jẹ, ẹ jẹ́ kí módẹ́mù ní ojú kan tiẹ̀, kí tẹlifíṣọ̀n tó bá kù pín ìkejì láàárín ara wọn. Ẹ má sáré lọ ra amplifier o, tí signal bá ti bà jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ńṣe ló máa gbé signal àti ariwo ga pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì òjò rọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì tún kú fin-ín-fin-ín. Ìgbà yìí mi ò pa módẹ́mù, mo kọ́kọ́ ya fọ́tò ojú ìwé yẹn, torí tí ẹ bá pa á, ìṣirò Uncorrectables á padà sí òdo, ẹ̀rí yín ti lọ nìyẹn. Mo tún kọ aago sílẹ̀. Òjò kejì rọ̀, bákan náà. Mo pe ilé-iṣẹ́, mo ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n pa á, upstream mi ti fò láti 46 lọ sí 54 nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo ní fọ́tò ẹ̀", ẹni tó gbé fóònù dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun máa rán ènìyàn wá. Bọ̀dá tó wá ò wọlé rárá, ara ògiri ìta níbi tí wáyà ti ń wọlé ló lọ tààrà. Ó tú kónẹ́kítọ̀ kan níbẹ̀, ó pè mí kí n wá wò ó. Okùn bàbà tó wà láàárín ẹ̀ tó yẹ kó máa dán ti dúdú, inú ẹ̀ ti hu ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé, omi kán sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gé orí wáyà náà, ó fi tuntun tó ní rọ́bà tí kò jẹ́ kí omi wọlé sí i, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọn-in. Ohun tá a ti fi oṣù mẹ́ta pariwo lé lórí ò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. (Wáyà inú ilé lẹ lè fọwọ́ kàn. Èyí tó wà níta tàbí lórí òpó, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ wọn.)

Ó wà náà tó jẹ́ pé nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dáa, wáyà á mọ́, alẹ́ nìkan ni kì í yá. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ yín. Ilé púpọ̀ ládùúgbò kan ló ń pín ẹnu kébù kan náà, tí gbogbo yín bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ẹ̀ẹ́ pín in, ilé-iṣẹ́ nìkan ló lè la ẹnu yẹn sí méjì kí ó gbà yín. Ẹ tẹ speed test lórí wáyà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó pè wọ́n, wọn ò ní rí ẹnu sọ pé ráútà yín ni.

Ohun tó dùn mí jù, Olóòtú, ni pé ilé-iṣẹ́ kébù lè rí àwọn nọ́ńbà yìí láti ọ̀dọ̀ wọn, wọn ò nílò kí n ka ohunkóhun fún wọn. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti pè wọ́n kí n tó fojú ara mi rí nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó ta 300 fún mi ì bá ti wo upstream 53 yẹn kó tó la ẹnu. Mo fẹ́ kí ìwé ìròyìn yín bá wa bi wọ́n, kí ló dé tí wọn kì í yẹ wáyà èèyàn wò kí wọ́n tó ta plan tó tóbi fún un, ṣé wọ́n á sì dá owó padà fún ẹni tí wọ́n tà á fún nígbà tí wáyà ẹ̀ ti bà jẹ́? Èmi ti padà sórí 100, kì í lọ sílẹ̀ ju 95 mọ́ kódà láago mẹ́sàn-án alẹ́, mo sì ti kọ̀wé sí wọn nípa owó oṣù tí mo san lórí 300 yẹn. Wọn ò tíì fèsì.

Kí òǹkàwé yín yẹn ya fọ́tò ojú ìwé 192.168.100.1 kó tó tún pa módẹ́mù ẹ̀. Tó bá fi nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ sí yín, ẹ fi lé mi lọ́wọ́, màá bá a kà á.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó ń rà yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀