Ìwé àìsàn tí ẹ ṣèlérí: ìgbà karùn-ún rèé tí mò ń bẹ̀ yín

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé ìtọ́jú,

Ẹ kú iṣẹ́. Orúkọ mi àti nọ́ńbà káàdì mi wà lọ́wọ́ yín, nítorí náà mi ò ní ro ẹjọ́ àìsàn náà látìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Dókítà yín ló wo ara mi, tó ní ṣíkìn-pọ́ọ̀sì ni, tó sì kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ dé kíláàsì títí gbogbo ìléròrò náà yóò fi pa èépá, èyí tó sábà máa ń gbà tó ọjọ́ 5. Olùkọ́ wa kan wà nínú oyún, àìsàn yìí sì léwu fún aboyún. Mo gbọ́ràn, mo jókòó sílé, ìdánwò sì kọjá lórí mi.

Ìwé tí ẹ fún mi ò ní déètì, dókítà ò sì fọwọ́ sí i. Ilé ìwé dá a padà. Mo gbà pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣàṣìṣe, mo wá pè yín lọ́jọ́ Ajé. Ẹ ní kí n pè lọ́la. Mo pè lọ́jọ́ kejì, ẹ ní dókítà ò sí lórí ìjókòó. Lọ́jọ́rú, obìnrin kan fi dá mi lójú pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé náà yóò ti wọ ímeèlì mi. Títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́bọ̀, orin yín ni mo gbọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mò ń fi ọwọ́ kan di fóònù mú, mo fi èkejì di etí aṣọ mú kí n má baà họ ara. Arákùnrin kan gbé e níkẹyìn. Ó ní, "Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ẹ ti mọ ìdánwò sá jù." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní bó bá ń kán mi lójú, kí n lọ ra ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi ti àwọn ẹgbẹ́ mi.

Òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú ló ń kọ́ mi ní èrú! Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ayédèrú ìwé dókítà. Mi ò rà á, torí ara mi ò yá lóòótọ́.

Nígbà tí ẹ̀ka wa nílé ìwé tún pè yín láti wádìí, ẹ ní ẹ ò mọ̀ mí rí, bẹ́ẹ̀ mo ti fọwọ́ sí i pé ẹ lè dá wọn lóhùn. Olùkọ́ tí mo tìtorí oyún rẹ̀ jókòó sílé ló wá ń wò mí bí òpùrọ́ báyìí.

Mi ò ní kí dókítà yí déètì kankan padà. Ilé ìwé ò sì béèrè orúkọ àìsàn mi. Ọjọ́ tó rí mi, iye ọjọ́ tó ní kí n fi wà nílé, orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ìbuwọ́lù rẹ̀, ó tán. Kó dé ọwọ́ mi kí agogo 12 ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ tó lù, torí ọjọ́ náà ni wọ́n máa pinnu ẹni tí yóò tún ìdánwò ṣe. Kí ẹ sì pe ẹ̀ka wa padà, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ mọ̀ mí.

Arákùnrin yẹn ní láti kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Bí agogo 12 bá lù tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, màá kó lẹ́tà yìí àti àkọsílẹ̀ gbogbo ìgbà tí mo pè yín lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà níwèé àṣẹ.

Èmi ni,
Aláìsàn yín