Ilé ìwé ni ọmọ ti ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn yìí ni mo bá wá: ó yẹ kí ilé ìwé máa kọ́ wọn bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ẹni gbé. Ọmọ méjì jà nítorí pẹ́ńsù. Tíṣà na àwọn méjèèjì, ó ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ẹjọ́ parí. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ká wọn lára. Bí agogo ìparí bá lù, ìjà ọ̀hún á tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn géètì.

Àwọn kan á ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo gbà. Àmọ́ bí ọmọ yóò ṣe bá àgbà lò ni ilé ń kọ́ ọ jù: ká dọ̀bálẹ̀, ká má já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Ta ló ń kọ́ ọ bí a ṣe ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni kí wọ́n jẹ́ ká bá wọn ṣeré, tàbí bí a ṣe ń sọ pé "mi ò fẹ́" láìjà? Ọmọ tí wọ́n ń pè ní akólòlò tó sì ń dá jókòó, ta ló ní kí ẹnìkan sún mọ́ ọn? Nílé ìwé làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Òbí mìíràn sì rèé, ó ti wà lọ́jà Bódìjà láti ìdájí. Ọmọ á ti sùn kó tó dé.

Kì í ṣe pé irú ẹ̀kọ́ yìí ń gba àkókò ìṣirò o. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ kan l'Ámẹ́ríkà kó àbájáde ètò 213 jọ, èyí tó kan akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 270,000. Àwọn tí wọ́n kọ́ ní bí a ṣe ń kó ìbínú níjàánu àti bí a ṣe ń bá ẹlòmíì gbé, ìwà wọn dára sí i, ìwé wọn náà sì tẹ̀ síwájú: ẹni tó wà ní ipò àárín nínú ọmọ 100 á tún fi bí ọmọ 11 sẹ́yìn sí i.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ilé ìwé aládàáni púpọ̀ ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ọmọ ọdún méje tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, Gẹ̀ẹ́sì wo ló fẹ́ fi sọ ọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, onímọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970, wọn kò sì tìtorí ẹ̀ di òpè.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún kò pọ̀: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Jímọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, ní Yorùbá, láìsí pàṣán lórí tábìlì. Kí wọ́n sì dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀ nígbà ìsinmi gígùn, kí sáà tuntun tó wọlé.

Òbí kan,
Mọ́kọlá, Ìbàdàn