Ẹ jẹ́ kí mítà máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ní iléèwé wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ mítà ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe mítà NEPA tí gbogbo wa ń bínú sí o. Mítà tí a fi ń wọn fóltì lórí tábìlì iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ ínfátà àti bátìrì sólà ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn, àwọn ọmọ pólì àti yunifásítì sì máa ń wá ṣe IT lọ́dọ̀ mi. Ọmọ gidi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n gbé ẹrù (ìyẹn ohun tó ń jẹ iná) lé bátìrì kan mọ́jú, kí wọ́n máa kọ fóltì rẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ìwé tó mọ́ tónítóní lẹ ó bá láàárọ̀: 12.6, 12.5, 12.4, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí àtẹ̀gùn. Bátìrì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹrù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí rẹ̀, fóltì á kọ́kọ́ já wálẹ̀, á wá rọra máa lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tó bá kù díẹ̀ kó tán ló máa ń já lulẹ̀ pátápátá. Ọmọ náà sùn ni. Ó jí ní ìdájí, ó sì fi orí ara rẹ̀ kún gbogbo ibi tó ṣófo. Èmi ò bá a wí. Ta ni kò ní sùn?

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ní mítà tí kì í sùn níléèwé, ìyẹn èyí tí kọ̀ǹpútà lè máa bi ní fóltì fúnra rẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tì í mọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn mítà bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ihò tí a ń ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀. Ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, nígbà tó di 1975 IEEE, àjọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná, sọ ọ́ di ìlànà, wọ́n fún un ní nọ́ńbà 488. Àwọn tuntun ń lo USB. Ní 1990 ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fẹnu kò lórí àkójọ àṣẹ kan tó ń jẹ́ SCPI. Ṣáájú ìgbà náà, àṣẹ tí mítà ilé-iṣẹ́ yìí gbọ́, ti òmíràn lè má gbọ́ ọ.

Àṣẹ tí mo máa ń ní kí ọmọ kọ́kọ́ tẹ̀ ni *IDN?. Mítà á dárúkọ ẹni tó ṣe é, á sọ irú mítà tó jẹ́ àti nọ́ńbà ara rẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń bú sí! Lẹ́yìn náà la ó tẹ MEAS:VOLT:DC? láti bi í ní fóltì bátìrì, mítà á dá +1.27314500E+01 padà. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, bátìrì yìí ti kú, kò tó fóltì méjì." Rárá o. E+01 ẹ̀yìn yẹn ní kí o sún póìntì sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan, 12.73 ni.

Tí o bá gbàgbé àmì ìbéèrè ìparí yẹn, tí o wá jókòó tí ò ń retí èsì, ìwọ àti mítà á jọ máa wo ara yín ni, á sì kọ àṣìṣe -420 sílẹ̀. Tí o bá bi í, tí o ò dúró gba èsì kí o tó bi í ní nǹkan mìíràn, -410 nìyẹn. SYST:ERR? la fi ń bi í ní ohun tó ń bí i nínú.

Fún iṣẹ́ mọ́jú, èmi kì í lo MEAS, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó ló ń tún ètò mítà tò bó ṣe wù ú. Ẹ fi CONF ṣètò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa fi READ? bi í. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti ṣètò NPLC, ìyẹn iye ìyípo iná tí mítà fi ń wọn kó tó dáhùn. Iná tiwa ń yípo ní ìgbà 50 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Tí ẹ bá fún un ní ìyípo 10, ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ́ńdì nìyẹn, ariwo iná tó ń wọ wáyà á sì lọ sílẹ̀ gan-an. (Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sójú kan lórí 50, nítorí náà ẹ má retí kó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí jẹ́ǹ bá ń dún.)

Mo ti gbọ́ kí olùkọ́ kan sọ pé ọmọ tí kò fi ojú ara rẹ̀ ka mítà kò tíì mọ nǹkan kan. Òótọ́ ni, kó fi ojú kà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n fáìlì tí kọ̀ǹpútà kọ ní aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóltì kọ̀ọ̀kan, bí láptọ́ọ̀pù bá sì kú ní aago méjì òru, àlàfo á hàn gbangba. Àlàfo yẹn wúlò fún mi ju ìwé tó mọ́ tónítóní lọ. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, àti PyVISA tó ń jẹ́ kó bá mítà sọ̀rọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Lóòótọ́, mítà yẹ́lò kékeré tí ọ̀pọ̀ wa ń rà lọ́jà kò ní ihò yìí. Ìdí nìyẹn tí ti iléèwé kò fi yẹ kó wà ní títì.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tó ń tọ́jú yàrá iṣẹ́. Tí mítà bá ń gba àṣẹ láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì iwájú rẹ̀ lè má dáhùn mọ́. Kò bàjẹ́ o! Ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Local sí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó kọ "ó ti bàjẹ́" lẹ̀ mọ́ ọn.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ ínfátà, Ìbàdàn