Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí àkókò kíláàsì mọ́ wa lọ́wọ́

Olóòtú,

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni sáà ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ fún àwa tó ń kàwé gboyè máásítà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ níbí, ọmọ méjì ló wà lọ́rùn mi. Aago márùn-ún àárọ̀ ni mo ti ń dín àkàrà, mo fi ìwé ti ike gàrí, mò ń kà á bí mo ṣe ń yí àkàrà padà. Epo ti ta sí ojú ìwé kẹrin. Ẹ má bi mí bó ṣe rí.

Ìwé yẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ọjọ́rú, lálẹ́, ni wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé kíláàsì aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ti di aago mọ́kànlá àárọ̀. Aago mọ́kànlá! Ta ni yóò bá mi tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá? Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi lọ mú àwọn ọmọ nílé ìwé, àmọ́ àwọn náà ní ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba.

Láti 1976 ni Àkúrẹ́ ti jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ Òndó. Ìlú òṣìṣẹ́ ni. Kí àwọn yunifásítì agbègbè wa gbé kíláàsì wa sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé. Tí wọ́n bá fẹ́ yí i padà, kí wọ́n sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Owó ilé ìwé náà ńkọ́? Kí wọ́n jẹ́ ká máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ìyá ọlọ́mọ méjì,
Àkúrẹ́.