Ta ni ẹ jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ báyìí?

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbúròó rẹ, àyàfi bí a bá fẹ́ ka àwọn àwòrán ẹlẹ́rìn-ín tí o máa ń fi ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́tà. Ara mi le, àwọn ará ilé wà dáadáa, ọ̀rẹ́ wa tó máa ń sùn ní kíláàsì ti bímọ, ọmọ náà kì í sì í jẹ́ kó sùn mọ́. Àbúrò rẹ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sì sọ̀rọ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà ti fọwọ́ sí iṣẹ́ ìwádìí mi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan fi ń bá ẹ̀kọ́ lọ lórí fóònù wọn, nígbà tí àwọn mìíràn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti pa á tì. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń mú ènìyàn bẹ̀rẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tó ń mú kí ó máa bá a lọ. Ní ọdún 1989 ni Fred Davis, olùwádìí lórí bí ènìyàn ṣe ń gba ohun èlò kọ̀ǹpútà, ti fi hàn pé bí ohun èlò kan bá wúlò lójú ènìyàn, tí kò sì nira láti lò, ó ṣeé ṣe kí ó gbà á, àti pé ìwúlò rẹ̀ ló wúwo jù nínú méjèèjì. Ní ọdún 2001, olùwádìí mìíràn, Anol Bhattacherjee, tó ṣe ìwádìí tirẹ̀ láàárín àwọn oníbàárà báǹkì tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, wá béèrè ohun tí kì í jẹ́ kí ẹni tó ti gbà á pa á tì. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ènìyàn a máa fi ohun tó bá níbẹ̀ wé ohun tó ti retí tẹ́lẹ̀. Bí méjèèjì bá ṣe déédéé, yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò sì máa lò ó nìṣó.

Mo fẹ́ràn àlàyé yìí nítorí pé kì í tètè pe akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀lẹ. Ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún pé yóò gbọ́ èdè tuntun láàárín oṣù díẹ̀, tó wá rí i pé “ológbò ń mu omi” nìkan ni òun lè sọ, kò jẹ̀bi bí ó bá pa áàpù náà rẹ́.

O rántí ẹ̀gbọ́n wa tó máa ń jókòó sí iwájú? Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí kò tíì jẹ́ kí ọjọ́ kan fò lórí áàpù èdè tirẹ̀. Bí ó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago méjìlá òru lù, yóò ṣí i, yóò yan ẹ̀kọ́ tó rọrùn jù lọ, yóò tẹ ìdáhùn tó ti mọ̀ tipẹ́, yóò sì sùn pẹ̀lú ìgbéraga. Ní ọdún 2012, nígbà tí àwọn olùwádìí Venkatesh, Thong àti Xu ń tún àlàyé lórí lílo ohun èlò ṣe, wọ́n fi ìgbádùn àti bárakú kún un, ẹ̀gbọ́n wa yìí sì ni ẹ̀rí tó dára jù tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ka ọjọ́ tó ti lò nìkan, òun ni n ó pè ní ọ̀gá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ kò lè kí ẹni tó ń sọ èdè náà kí ó sì dáhùn ìkíni padà. Roediger àti Karpicke, àwọn olùwádìí lórí bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan, dán irú nǹkan báyìí wò ní ọdún 2006: àwọn tó tún ìwé kà léraléra ló rántí jù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ti dán ara wọn wò ló borí. Fóònù dára púpọ̀ fún ìdánwò kékeré bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn bá gbà láti kùnà níbẹ̀.

Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa ni ti Deci àti Ryan, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ọkàn, tí wọ́n sọ pé ohun mẹ́ta ni ọkàn ń fẹ́ kí ìwúrí rẹ̀ má baà gbẹ: kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun tó ń ṣe, kí ó rí i pé òun ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i, kí ó sì ní àwọn tí wọ́n jọ wà nídìí rẹ̀. Fóònù ń fún wa ní àkọ́kọ́ lọ́pọ̀ yanturu, torí pé a lè dá fídíò olùkọ́ dúró, kí a dá a padà, kí a sì gbọ́ ọ níbi tí a tò sí tí a ti ń dúró de ọkọ̀. Ẹ̀kẹta ni ó máa ń wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ni kò dárúkọ áàpù kankan nígbà tí mo béèrè ohun tó mú kí wọ́n máa bá a lọ. Wọ́n dárúkọ ẹnì kan tó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ lóru láti ṣàlàyé ìṣirò fún wọn.

Ìṣòro mi wá ni pé àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ nìkan ló ń dáhùn ìwé ìbéèrè mi. Àwọn tó ti lọ kì í ṣí i, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ tí mo ń wá wà lọ́wọ́ wọn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ti wọlé. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, òun kò rí ọ kí o ṣí ẹ̀kọ́ rẹ lórí fóònù mọ́, àti pé bí òun bá béèrè, “dáadáa ni” lo máa ń sọ. Bí kì í bá ṣe òótọ́, ìwọ ni kí o bá ọmọ ìyá rẹ wí, má fi mí kún un.

Bí ó bá jẹ́ òótọ́, jọ̀wọ́, kọ̀wé sí mi kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: ṣé iṣẹ́ ni, ṣé ohun tí wọ́n ṣèlérí kọ́ lo bá níbẹ̀, àbí kò sí ẹni tí ẹ jọ ń ṣe é? N kò ní fi orúkọ rẹ sínú iṣẹ́ mi, bí o bá sì fẹ́, n kò ní lo ìdáhùn náà rárá. Ẹ̀kọ́ ìṣirò tí a fi ń túmọ̀ àkójọ nọ́ńbà (statistics) tí o ní láti ṣe yẹn, èmi náà nílò rẹ̀ kí n tó lè túmọ̀ ohun tí mo kó jọ, kò sì yé mi ju bí ó ti yé ọ lọ. Jẹ́ kí a jọ máa ṣe é lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Sọ wákàtí tó bá ọ lára mu, nítorí pé aago tiwa àti tiyín kò dọ́gba.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.