Ẹ wọn òkè mọ́ ọ̀nà kí ẹ tó pè é nítòsí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Níbi ìpàdé àdúgbò wa ní Òkè Ààrẹ, Ìbàdàn, òṣìṣẹ́ kan na máàpù síwájú wa. Ó fa ìlà róbótó yí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ká, ó ní gbogbo ẹni tó bọ́ sínú rẹ̀ ló wà nítòsí. Ilé ìyá mi wà nínú rẹ̀.

Bí ìyá mi bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lọ síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń rìn, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri kí orúnkún má baà yẹ̀. Níbi tí síláàbù orí gọ́tà ti dá sí méjì, wọ́n á dúró de ẹni tí yóò fà wọ́n sọdá. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń jókòó.

Ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ yẹn fi rúlà wọ̀n, ẹsẹ̀ kò lè tọ̀ ọ́. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìrìn gidi sì wà: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní AccessMod, ọ̀fẹ́ ni. Á gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, á wo bí ọ̀kan ṣe ga ju èkejì lọ, á wá ka ìṣẹ́jú tí ẹlẹ́sẹ̀ máa lò. Nínú ìṣirò tí Waldo Tobler, onímọ̀ nípa máàpù, gbé jáde ní 1993, ẹlẹ́sẹ̀ ń rin bíi kílómítà 5 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí ilẹ̀ bá fi mítà 20 ga láàárín mítà 100, ó di 2.5. Ẹni tí ara rẹ̀ le nìyẹn o!

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà nìkan kò tó. Gíga ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà wọ̀n láti òfurufú ní 2000, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, bíi mítà 30 ló wà láàárín àmì kan sí èkejì. Gọ́tà wa ti pòórá sínú mítà 30 yẹn, àti síláàbù tó dá.

Òfin àwọn akanda ẹ̀dá tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti ṣe àtúnṣe kí wọ́n lè máa ráyè wọlé. Ọdún márùn-ún ti pé. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ akanda ẹ̀dá rìn fẹ́ fi ẹnu ọ̀nà tó tẹ́jú ṣe, bí kò bá lè dé ibẹ̀?

Mo bẹ ìjọba: ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣírò òkè wa, kí ẹ wá gbé máàpù náà fún àwọn tó ń fi ọ̀pá rìn àti àwọn oníkẹ̀kẹ́, kí wọ́n tọ ọ̀nà náà, kí wọ́n sàmì sí ibi tó ti burú. Ìyá mi ti ní àwọn á bá yín rìn, bí ẹ bá lè dúró de àwọn níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èmi ni,
Olùgbé Òkè Ààrẹ, Ìbàdàn