Ààbò Kọ̀ǹpútà Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ Nìkan

Sí Olóòtú,

Mo fara mọ́ ọn bí àwọn yunifásítì kan ṣe ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ààbò íntánẹ́ẹ̀tì gbé ètò okòwò kalẹ̀, kí wọ́n sọ ẹni tí yóò ra iṣẹ́ wọn àti ìdí tí yóò fi sanwó. Nígbà tí kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry ti fáìlì àwọn ènìyàn pa lóṣù Karùn-ún ọdún 2017, tó ń béèrè owó kó tó ṣí i, Microsoft ti gbé àtúnṣe tó lè dí i lọ́nà jáde láti oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ni kò tíì fi sórí kọ̀ǹpútà wọn. Ìmọ̀ wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò ṣírò àdánù fún ọ̀gá tó di owó mú ló wọ́n. Àmọ́ o, kí olùkọ́ má fi máàkì ta ètò tó kàn ń fi ìbẹ̀rù tajà lọ́rẹ.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín